DocuSign, Paystack àti fọ́ọ̀mù àdéhùn ọ̀fẹ́: èwo ló wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá NGO wá owó?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tó fẹ́ máa kọ proposal (ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó) fún àwọn NGO, ìyẹn àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, tó fẹ́ máa bá wọn wá owó ìrànwọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní gíráǹtì, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí: fọ́ọ̀mù àdéhùn ọ̀fẹ́ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, DocuSign tí wọ́n fi ń buwọ́ lu ìwé, àti Paystack tí wọ́n fi ń gbowó. A yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. DocuSign dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó máa sanwó rẹ̀. Paystack dára gan-an fún owó abẹ́lé, ó sì gbówó lórí fún owó òkè òkun. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kó sínú àṣà kan tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: kí èèyàn máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ìdá kan lára owó tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìdá yìí ni ká kọ́kọ́ yanjú. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń wá owó, àlàfo kan wà tí wọ́n ní kí o kọ ìdá tìẹ sí. Fa igi lé e. Association of Fundraising Professionals, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìkówójọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn gba owó iṣẹ́ tó dá lórí ìdá ohun tó wọlé, wọn kò sì gba owó alárinà láyè. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fúnni lówó fún kànga omi fẹ́ kó di kànga omi. Tí ìdá 10 nínú 100 bá ti lọ sápò ẹni tó kọ̀wé, kànga náà ti kéré sí ohun tí wọ́n ṣèlérí.

Yàtọ̀ sí ti ìwà, ìṣirò rẹ̀ gan-an kò dúró. Ká ní gíráǹtì náà jẹ́ ₦30,000,000, ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000 fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí NGO náà kò bá rí gíráǹtì náà gbà, òdo ni. Àti pé ohun tí kì í jẹ́ kí proposal yege kì í sábà wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé NGO náà kò ní ìṣirò owó tí ọ̀díìtọ̀ ti yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé wọn kò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí orúkọ wọn sì ti di INACTIVE lórí ìkànnì rẹ̀. Kí ni ẹni tó kọ̀wé máa ṣe sí èyí?

Ìdí kẹta ni èyí tó yẹ kí o fi dá akáùntáǹtì NGO lóhùn nígbà tó bá sọ pé "tí owó bá ti dé, a ó yọ tìẹ níbẹ̀." Òfin ìnáwó gíráǹtì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 2 CFR 200.442, kò gbà kí wọ́n ka ìnáwó ìkówójọ mọ́ ohun tí gíráǹtì ń san. Ọ̀pọ̀ àjọ mìíràn tó ń fúnni lówó náà kì í fẹ́ rí i nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, owó tí wọ́n ṣèlérí fún ọ yẹn, orúkọ mìíràn ni wọ́n máa fún un kó tó lè jáde. Lọ́jọ́ tí ọ̀díìtọ̀ bá dé, orúkọ tìẹ ló máa bá lórí rẹ̀. Inú owó tí NGO fúnra rẹ̀ ní, tí olówó kankan kò so mọ́ nǹkan kan, ni owó rẹ ti gbọ́dọ̀ wá. Tí wọn kò bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ rárá, iṣẹ́ náà kò tíì yá.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àlàfo náà ni owó tó dá lórí ọjọ́ iṣẹ́. Ká ní ìgbọ́bùkátà ilé jẹ́ ₦400,000 lóṣù. Dátà, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àti ìtọ́jú kọ̀ǹpútà jẹ́ ₦120,000. Owó orí àti ìfipamọ́ jẹ́ ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦600,000. Oṣù kan ní nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 22, àmọ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kì í rí gbogbo rẹ̀ tà. Wíwá oníbàárà ń jẹ nínú rẹ̀, ìpàdé tí kò mówó wá ń jẹ nínú rẹ̀, lílọ síwá sẹ́yìn nítorí ìwé owó orí náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 12 ni kí o fi ṣírò. Tí o bá pín ₦600,000 sí 12, ó di ₦50,000 lọ́jọ́ kan. Àwọn tó pín in sí 22 ni wọ́n ń pe ₦27,000, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí wọn kò sì mọ ibi tí owó ń gbà jò.

Lẹ́yìn náà, fi ọjọ́ ka iṣẹ́ náà. Proposal olójú ewé 20 fún àjọ kan tó ń fúnni lówó lè pín báyìí: ọjọ́ kan láti ka ìlànà wọn kí o sì sọ bóyá NGO náà tiẹ̀ yẹ kó díje, ọjọ́ kan fún ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ọjọ́ méjì fún logframe (tábìlì tó so iṣẹ́ mọ́ àbájáde tí wọ́n ń retí), ọjọ́ mẹ́ta fún ìkọ̀wé, ọjọ́ kan fún bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kan fún àtúnṣe àti gbígbé e sórí pọ́tà, ìkànnì tí wọ́n fi ń gba proposal. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn, ₦450,000. Iye yìí kò gbọ́dọ̀ yí padà nítorí pé gíráǹtì náà tóbi. Ohun tó lè mú un lọ sókè ni iye ojú ewé, iye àjọ tó jọ ń ṣe é, àti bí gbèdéke ṣe sún mọ́ tó. Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ₦225,000 lọ́jọ́ ìbuwọ́lù, ₦135,000 nígbà tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bá jáde, ₦90,000 nígbà tí ìwé bá ti pé tó fi ṣeé fi ránṣẹ́. Kíyè sí i: "tó fi ṣeé fi ránṣẹ́", kì í ṣe "tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́". Tí ọ̀gá NGO bá lọ jókòó lé e títí gbèdéke fi kọjá, owó rẹ kò gbọ́dọ̀ bá a kú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́. Ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. O máa rí i pé òfin ìpínlẹ̀ Delaware ló ń darí rẹ̀, pé ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn invoice (ìwé owó) ni wọ́n máa sanwó, pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà, 1099, tí kò kan ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà. Ìyẹn rọrùn láti yọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ṣòro, torí ojú kì í rí ohun tí kò sí.

Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe. Láìsí iye, NGO á máa dá ìwé padà títí: alága ní kí o fi èyí kún un, àbúrò alága tó kàwé ní òkè òkun ní kí o yọ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó, pé ẹnì kan péré ló máa kó èrò gbogbo wọn jọ wá fún ọ, àti pé láti ẹ̀ẹ̀kẹta lọ, ₦50,000 ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìwé tí NGO gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀: ìwé ẹ̀rí CAC, ìṣirò owó ọdún méjì tí ọ̀díìtọ̀ ti yẹ̀ wò, orúkọ àwọn alábòójútó, ìwé ìtàn iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Fi ọjọ́ sí i, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú gbèdéke, kí o sì kọ pé tí wọn kò bá kó o dé, ọjọ́ tí wọ́n fi pẹ́ kò sí lọ́rùn rẹ.

Ẹ̀kẹta ni pọ́tà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ara wọn lọ́ṣẹ́. Má fi ímeèlì tìẹ ṣí àkáǹtì fún NGO. Lórí Grants.gov ti Amẹ́ríkà, NGO fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó rọ́pò DUNS ní oṣù kẹrin ọdún 2022, láti SAM.gov, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà sì máa nílò NCAGE, kóòdù ìdánimọ̀ ti NATO, kí wọ́n tó parí ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé NGO ló ni àkáǹtì, òun ló ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, òun náà ló máa tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn. Tí àkáǹtì bá wà lórúkọ rẹ, ìwọ ni wọ́n máa pè lóru tí nǹkan bá bàjẹ́, àní lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹ ti pínyà.

Tún fi gbólóhùn kan sí i pé o kò ní kọ proposal fún NGO méjì fún owó kan náà láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ̀. Fi òmíràn sí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé di ti NGO lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó tán, kì í ṣe ṣáájú. Fi ẹ̀kẹta sí i pé kò sí ìlérí pé owó máa jáde.

Tí ẹ bá jìjà ńkọ́? Yọ Delaware kúrò, fi òfin Nàìjíríà sí i. Arbitration and Mediation Act ti ọdún 2023 wà fún ẹni tó bá fẹ́ onílàjà, àmọ́ fún owó iṣẹ́ tó kéré, ilé ẹjọ́ Small Claims ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ló yára jù. Gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà ìbéèrè gbèsè ni èèyàn kọ́kọ́ máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ ẹ́, kí ẹjọ́ tó wọlé. Kíyè sí i pé gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni. Àdéhùn tó sọ pé ₦135,000 lọ́jọ́ tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bá jáde rọrùn láti gbé lọ síbẹ̀. Èyí tó sọ pé "ìdá kan lára ohun tó bá wọlé" máa di àríyànjiyàn lórí ohun tó wọlé àti ìgbà tó wọlé. A gba ẹni tó bá lágbára níyànjú pé kó fún lọ́yà kan ní owó ẹ̀ẹ̀kan láti tún fọ́ọ̀mù náà ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ, ọjọ́ àti iye nìkan ni wàá máa pààrọ̀.

DocuSign kò ṣòro lò. O máa gbé PDF sórí rẹ̀, o máa kọ orúkọ àti ímeèlì àwọn tó máa buwọ́ lù ú, o máa fa àpótí Signature, Initial (lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ) àti Date Signed síbi tó yẹ. Date Signed ń kọ ọjọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó bá fi àpótí ọ̀rọ̀ lásán rọ́pò rẹ̀ ti fún ẹni kejì láyè láti kọ ọjọ́ tó wù ú. Fi Initial sójú ewé tí iye owó wà. Tan ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìbuwọ́lù, kí NGO jẹ́ 1, kí ìwọ jẹ́ 2, kó má baà jẹ́ pé o ti fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ṣì ń bá ọ dúnàádúrà lé lórí. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí kò nílò àkáǹtì, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni Certificate of Completion. Ó ń sọ ìgbà tí ìwé jáde, ìgbà tí wọ́n ṣí i, ìgbà tí wọ́n buwọ́ lù ú, àti nọ́ńbà IP kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò. Wà á sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, kí o sì kó méjèèjì pa mọ́ síbì kan. Ní Nàìjíríà, abala 93 Evidence Act ti ọdún 2011 àti abala 17 Cybercrimes Act ti ọdún 2015 mọ ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà. Tó bá wá di ti ilé ẹjọ́, abala 84 Evidence Act béèrè ìwé ẹ̀rí nípa kọ̀ǹpútà tó mú àkọsílẹ̀ náà jáde, nítorí náà má pa ímeèlì kankan rẹ́.

Ibi tí DocuSign kò lè ṣèrànwọ́ ni àṣẹ. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó buwọ́ lù ú lẹ́tọ̀ọ́ láti na owó NGO. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá àgbà tàbí alábòójútó ló láṣẹ. Béèrè lẹ́tà kúkúrú láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn tó sọ ẹni tó lè buwọ́ lù ú, kí o so ó mọ́ inú àpò ìwé kan náà (envelope, bí DocuSign ṣe ń pe ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan). Ní ti owó, ètò Personal wọn ń fúnni ní àpò ìwé márùn-ún lóṣù. Ẹni tó ní oníbàárà kan tàbí méjì kò lè lò ó tán. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà méjì lórí bébà, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan lápá kọ̀ọ̀kan, ṣì tó. Láti oníbàárà kẹta lọ, pàápàá tí wọ́n bá wà ní ìlú mìíràn, ó tó owó tí wọ́n ń gbà.

Paystack la gbádùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ìdí kan tó ṣe kedere. Owó tí wọ́n ń yọ lórí owó abẹ́lé jẹ́ ìdá 1.5 nínú 100 pẹ̀lú ₦100, àmọ́ kì í kọjá ₦2,000. Èyí túmọ̀ sí pé láti nǹkan bí ₦127,000 lọ sókè, ₦2,000 náà ni. Lórí ₦225,000 àkọ́kọ́ rẹ, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e ni owó máa ń wọ bánkì. O lè fi ìbéèrè owó ránṣẹ́ tí orúkọ iṣẹ́, iye àti ọjọ́ ìsanwó wà nínú rẹ̀, kí NGO tẹ líǹkì kó sì fi káàdì tàbí ìfowóránṣẹ́ san án. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò láti CAC àti àkáǹtì bánkì lórúkọ òwò náà ló dára jù kí o fi ṣí i. Akáùntáǹtì NGO kì í fẹ́ rí orúkọ èèyàn lásán lórí ìwé owó. Rántí pé orúkọ òwò kì í ṣe kọ́ńpìnì, ìwọ fúnra rẹ ni gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ.

Ibi tó ti máa ń há ni owó orí àyọsílẹ̀, tí àwọn akáùntáǹtì ń pè ní WHT. Lábẹ́ ìlànà ọdún 2024, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tó ń gbé Nàìjíríà. Tí o kò bá ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni. Lórí ₦225,000, NGO máa yọ ₦11,250, ₦213,750 ló sì kù láti san. Tí o bá ti kọ ₦225,000 sórí Paystack, iye yẹn gan-an ni líǹkì ń béèrè, akáùntáǹtì kò sì ní rí bó ṣe máa san èyí tó kéré sí i. Á pa á tì, ìwọ á máa rò pé wọ́n ń tàn ọ́. Ohun tó yẹ ni kí o ṣe invoice tó pé sọ́tọ̀, tó fi ₦225,000, ₦11,250 àti ₦213,750 hàn ní ìlà mẹ́ta, kí o sì kọ ₦213,750 sórí líǹkì. ₦211,750 ló máa wọ àkáǹtì rẹ.

₦11,250 yẹn kò sọnù. Owó orí tìẹ ni wọ́n ti san sílẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ ló ń lọ. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé NGO gbọ́dọ̀ fún ọ ní rìsíìtì rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, torí láìsí rìsíìtì, ìwọ lo máa san án lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti VAT, owó orí lórí ọjà àti iṣẹ́, ìdá 7.5 nínú 100, má kọ ọ́ sórí invoice tí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ láti máa gbà á.

Àwọn ará wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York ní òfin tiwọn. Ní England, Charities Act ti ọdún 1992 béèrè àdéhùn tó wà lórí ìwé kí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún tó lè tọrọ owó lórúkọ àjọ aláàánú. Ní New York, agbaninímọ̀ràn ìkówójọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní Charities Bureau ti Attorney General, àdéhùn sì gbọ́dọ̀ fún àjọ náà ní ọjọ́ 15 tí wọ́n lè fi fagi lé e láìsan nǹkan kan.

Fún ẹni tó wà nílé tó ń gba owó lọ́wọ́ àjọ òkè òkun, fi Paystack sílẹ̀. Káàdì ilẹ̀ òkèèrè ń jẹ ìdá 3.9 nínú 100 pẹ̀lú ₦100, láìsí òpin ₦2,000 yẹn: lórí ₦1,500,000, ₦58,600 ti lọ. Àkáǹtì dọ́là ní bánkì ló dára níbẹ̀. Kọ sínú àdéhùn pé dọ́là ni iye náà, àti pé OUR ni kí wọ́n yàn lórí fọ́ọ̀mù ìfowóránṣẹ́ bánkì wọn, kí gbogbo owó ojú ọ̀nà wà lọ́rùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá yan SHA, tó túmọ̀ sí pé ẹ jọ máa pín owó ojú ọ̀nà, bánkì àárín lè bu díẹ̀ nínú rẹ̀, iye tó wọlé kò sì ní bá invoice mu mọ́.